Ìlà Tó Ń Gòkè Lọ́sàn-án

Ní gbogbo ọdún tí Yorokamu Bagyenda fi jẹ́ hẹdimásítà, kò sí ìgbà kan tí nǹkan sọnù nílé ẹ̀kọ́ rẹ̀ tí kò rí olè mú. Bí òun fúnra rẹ̀ ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn. Àwọn tó kàwé lábẹ́ rẹ̀ ní òótọ́ ni, ó máa ń rí ẹnì kan mú, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ẹni tó mú àti ẹni tó jí nǹkan máa ń jẹ́ ẹnì kan náà. Ìyàtọ̀ yẹn kò tó nǹkan lójú ìjọba. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, wọ́n fún un ní aago ògiri, wọ́n sì bá a ya fọ́tò.

Nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ fẹ̀yìn tì ní agbègbè Mbarara, àwọn kan gbin matóòkè, àwọn kan kọ́lé tí àwọn ọmọ yunifásítì ń háyà. Yorokamu ní òun kò lè jókòó sójú kan kí òun máa wo ọ̀gẹ̀dẹ̀ bó ṣe ń dàgbà. Ó ní màlúù tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, ó sì ní ìyàwó, Joventa, tó mọ yógọ́ọ̀tì ṣe. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń gbé inú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ ni Joventa ti ń ṣe é ní kíṣìnnì. Àwọn òbí tí kò bìkítà fún ẹ̀kọ́ ọmọ wọn rárá kì í pa ìpàdé òbí àti olùkọ́ jẹ, torí wọ́n mọ̀ pé yógọ́ọ̀tì Joventa yóò wà níbẹ̀.

Báyìí ni wọ́n ṣe kọ́ ilé iṣẹ́ kékeré kan sí Biharwe, lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Kampala. Yorokamu pe yógọ́ọ̀tì náà ní Bagyenda, ó sì lẹ fọ́tò ara rẹ̀ mọ́ ara ike, tòun ti táì lọ́rùn. Nígbà tí Joventa rí ike àkọ́kọ́, ó wò ó títí.

Ó ní, "Bàbá Naboth, ojú tí o fà ro yìí, ó dà bíi pé o fẹ́ bèèrè ẹni tó jẹ yógọ́ọ̀tì náà."

"Fọ́tò ọlọ́lá ni," ni Yorokamu dáhùn.

Ilé iṣẹ́ náà kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ilé ẹ̀kọ́. Àràárọ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ń tò lórí ìlà, wọ́n á gbàdúrà, Hẹdimásítà á wo èékánná wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì bá wọn sọ̀rọ̀ ìyànjú. Orúkọ tí gbogbo wọn ń pè é nìyẹn, Hẹdimásítà, òun náà kò sì ní kí wọ́n má pè é bẹ́ẹ̀. Àwọn méjì ló gbé iṣẹ́ náà dání jù. Ọ̀kan ni Turyasingura, tí wọ́n ń pè ní Turya, ọkùnrin títóbi kan tó ń se wàrà, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Èkejì ni Medius Atukwatse, obìnrin tó ń mójú tó yàrá òtútù níbi tí wọ́n ń kó yógọ́ọ̀tì sí kí ọkọ̀ tó gbé e lọ sí ìgboro, tí Hẹdimásítà sì máa ń ṣí fi han ẹnikẹ́ni tó bá yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Medius kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí o bá bi í ní ìbéèrè, á kọ́kọ́ wò ọ́ bóyá o fẹ́ ìdáhùn lóòótọ́.

Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àwọn onísọ́ọ̀bù ń dá ike padà. Ìdérí rẹ̀ á ti wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ń dùn. Bí wọ́n bá ṣí i, kíkan rẹ̀ á ti kọjá kíkan tí Ọlọ́run fẹ́. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ ní ìdérí fò lù òun ní imú.

Hẹdimásítà kò jẹ́ kó pẹ́ kó tó mọ ohun tó fà á. Ó ní ẹnì kan ló ń ṣí ilẹ̀kùn yàrá òtútù sílẹ̀. Bó ṣe ro ọ́ síwá sẹ́yìn, ó mú Turya. Ìdí tó rí fi mú un lágbára lójú rẹ̀: ìdí iná ni Turya ń ṣiṣẹ́, ẹni tó bá sì ń làágùn bẹ́ẹ̀, ibo ló tún máa lọ fẹ́ atẹ́gùn bí kò ṣe yàrá òtútù? Ó ní kó lọ jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ kan. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tí Turya kò sí níbẹ̀, ike ṣì ń padà wá. Hẹdimásítà ní èyí tí Turya ti bà jẹ́ sílẹ̀ ni kò tíì tán nílẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó kọ́ níléèwé ló sọ fún un nípa ẹ̀rọ kan tí àwọn oníṣòwò ńlá ní Kampala ń lò. Ẹ̀rọ náà kò ju ọṣẹ ìwẹ̀ lọ. Wọ́n á gbé e kọ́ sínú yàrá òtútù, á sì máa kọ bí ibẹ̀ ṣe gbóná tàbí tutù sínú ara rẹ̀, tọ̀sán tòru, láìsinmi. Bí wọ́n bá so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, gbogbo ohun tó ti kọ á jáde ní ìlà gbọọrọ kan. Bí ibẹ̀ bá tutù dáadáa, ìlà náà á wà nílẹ̀. Bó bá gbóná, á gòkè, ọjọ́ àti wákàtí tó gòkè á sì wà lábẹ́ rẹ̀ gbangba.

Inú Hẹdimásítà dùn dé ibi tó dùn dé. Ó ra ọ̀kan. Òun fúnra rẹ̀ ló gun orí àpótí tó fi kọ́ ọ sógiri, ó ní ẹlòmíràn lè kọ́ ọ wọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ.

Ó ní, "Ẹ̀rọ yìí kì í jẹun, kì í sùn, kò sì ní ìbátan lábúlé tó máa bá a bẹ̀bẹ̀. Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni tí ìlà bá gòkè nítorí rẹ̀, kó lọ jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ kan. Mi ò ní gbọ́ ẹjọ́."

Turya nawọ́ sókè bí ọmọ iléèwé. "Hẹdimásítà, ṣé ẹnikẹ́ni lẹ wí?"

"Ẹnikẹ́ni. Ṣé o ò gbọ́ èdè abínibí rẹ mọ́ ni?"

"Mo gbọ́ ọ, sà. Mo kàn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i ni."

Àwọn òṣìṣẹ́ sọ ẹ̀rọ náà lórúkọ. Àna ni wọ́n ń pè é, torí pé bí ó bá ti wà nílé, olúkúlùkù á tún ìjókòó ara rẹ̀ ṣe. Bí ẹnì kan bá fẹ́ wọ yàrá òtútù, wọ́n á ní, "Rọra o, Àna wà nínú ilé." Kíá lonítọ̀hún á wọlé, kíá lá jáde, á sì pa ilẹ̀kùn dé gbàgà. Kò sí òṣìṣẹ́ kan tí kì í kó ara rẹ̀ níjàánu níwájú Àna.

Ẹni tí kò lè kó ara rẹ̀ níjàánu ni Hẹdimásítà. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì, kò ì tíì rí nǹkan tó dùn ún sọ tó báyìí. Ó sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìsìn. Ó sọ ọ́ níbi ìsìnkú, nígbà tí wọ́n ń dúró de pásítọ̀. Gbogbo ẹni tó sọ ọ́ fún ló ní kó wá fojú ara rẹ̀ rí i, àwọn èèyàn Mbarara kì í sì í fi ìpè ṣeré, pàápàá bí yógọ́ọ̀tì bá máa wà níbẹ̀. Àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì wá. Ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì wá, tọ̀pá tọ̀pá. Dókítà ẹran wá, ó padà lọ mú ìyàwó rẹ̀ wá.

Lọ́sàn-án, lẹ́yìn oúnjẹ, ni wọ́n máa ń wá. Hẹdimásítà á mú wọn dé ẹnu ọ̀nà yàrá òtútù, á ṣí ilẹ̀kùn gbayawu kí gbogbo wọn lè ríran, á sì fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn náà kó má bàa padé.

Á ní, "Ẹ wo nǹkan funfun tó wà lókè lọ́hùn-ún. Ẹ wò ó dáadáa. Bí ẹnì kan bá ṣí ilẹ̀kùn yìí sílẹ̀ jù bó ṣe yẹ lọ, òun ló máa sọ fún mi."

Lẹ́yìn náà lọ̀rọ̀ á ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Á ti orí ẹ̀rọ bọ́ sórí òótọ́ sísọ, á ti ibẹ̀ bọ́ sórí ìwà àwọn ọmọ ìwòyí, á wá parí rẹ̀ sórí ọdún kan tí ẹnì kan jí agogo iléèwé gbé. Àwọn àlejò á máa mi orí. Afẹ́fẹ́ tútù á máa fẹ́ sí wọn lẹ́sẹ̀, á ṣe wọ́n lára dáadáa, wọn kò sì ní fẹ́ kúrò níbẹ̀.

Nígbà kan, Medius sún mọ́ ọn lẹ́yìn tí àwọn àlejò ti lọ. "Hẹdimásítà, ilẹ̀kùn yìí..."

"Kí ló ṣe é?"

"Ó wà ní ṣíṣí fún ìgbà pípẹ́, sà."

"Medius, ẹ̀kọ́ ni mò ń kọ́ aráyé. Ẹ̀kọ́ kì í ṣe nǹkan tí wọ́n ń fi ilẹ̀kùn dé."

Medius wò ó, ó rí i pé kì í ṣe ìdáhùn ni ọkùnrin yìí ń wá, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Turya ní kí ló lọ ń wá níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ní, "Ìwọ jẹ́ kó máa bá a lọ. Ọ̀rọ̀ tí mo bá fẹnu mi sọ, ọ̀sẹ̀ kan ló máa ná mi. Àna á sọ ọ́ fún un lọ́fẹ̀ẹ́."

Oṣù parí. Hẹdimásítà so ẹ̀rọ mọ́ kọ̀ǹpútà níṣojú gbogbo wọn, ó ní kò sí ohun tí òun fẹ́ dá wò nínú kọ̀rọ̀. Ìlà náà jáde. Ó wà nílẹ̀ lóru, ó wà nílẹ̀ láàárọ̀, àmọ́ tó bá di ọ̀sán, á gbéra, á gòkè lọ ṣóńṣó bí àwọn òkè Kigezi, á sì ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rọra sọ̀ kalẹ̀ nírọ̀lẹ́.

Hẹdimásítà fọwọ́ ra ọwọ́. Ojú rẹ̀ tàn gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń tàn nígbà tí wọ́n bá jí nǹkan níléèwé.

"Mo mọ̀," ó ní. "Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun yìí ńkọ́, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ta ló wọ yàrá òtútù?"

Àwọn òṣìṣẹ́ ń wo ara wọn.

"Mo ní ta ni?"

Medius tún wò ó. Lọ́jọ́ yìí, ó dà bí ẹni pé ìdáhùn ni baba náà ń fẹ́. Ó ní, "Àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì ló wá lọ́jọ́ yẹn, sà."

"Kò burú. Ọjọ́bọ̀ ńkọ́?"

"Àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì."

"Èyí tó ga jù yìí? Wò ó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde nínú kọ̀ǹpútà. Ta la máa bá wí fún eléyìí?"

"Ìyẹn lọ́jọ́ tí ẹ sọ ìtàn agogo iléèwé lẹ́ẹ̀mejì, sà. Dókítà ẹran ní ìyàwó òun kò gbọ́ ọ dáadáa."

Turya bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wá nǹkan tí kò sọnù. Àwọn yòókù tẹjú mọ́ bàtà wọn. Hẹdimásítà ń wo ìlà náà láti òkè kan dé òkè kejì, ètè rẹ̀ ń mì bí ẹni tó ń ka orúkọ, torí pé àlejò rẹ̀ ni gbogbo wọn, ó sì mọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tó yá, ó ní, "Ẹ̀rọ yìí ti bà jẹ́."

Ó pe ẹni tó tà á fún un ní Kampala, ó bá a wí lórí fóònù títí onítọ̀hún fi ní òun ń bọ̀. Ọkùnrin náà dé pẹ̀lú bàtà ẹlẹ́nu ṣóńṣó àti ẹ̀rọ tuntun mìíràn lọ́wọ́. Ó gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́, ó ní kí wọ́n fi méjèèjì wé ara wọn. Hẹdimásítà kò jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Ó dá a dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá òtútù, ó ń kà á fún un bí àwọn oníṣòwò ìwòyí ṣe ń ta ayédèrú, ọkùnrin náà ń bẹ̀ ẹ́, ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Nígbà tí wọ́n so ẹ̀rọ méjèèjì mọ́ kọ̀ǹpútà, ìlà méjì ló jáde, tí wọ́n jọ ń rìn bí akọ màlúù méjì tí wọ́n so pọ̀. Níbi tí ọ̀kan ti gòkè ni èkejì ti gòkè. Òkè tó kẹ́yìn ṣì gbóná bí àkàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde: ìṣẹ́jú tí wọ́n fi ń jiyàn lórí ayédèrú gan-an ni.

Ọkùnrin Kampala wo ìlà, ó wo Hẹdimásítà, ó ní, "Sà, mo lè fi èkejì yìí sílẹ̀ fún yín. Mi ò ní gba nǹkan kan." Ó sáré wọ ọkọ̀ rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Joventa gbé kàró, òkèlè tí wọ́n fi ìyẹ̀fun jéró rò, síwájú ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú ọbẹ̀ funfun tí wọ́n fi bọ́tà màlúù po, oúnjẹ tí kì í kọ̀. Hẹdimásítà ń fọwọ́ yí òkèlè láìfi sẹ́nu. Ó ti sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ tán, ó ń retí pé kó bá òun bínú sí wọn.

Joventa ní, "Turya tí o ní kó lọ jókòó sílé lọ́jọ́sí, ó jókòó àbí kò jókòó?"

"Ó jókòó."

"Ó jẹ̀bi?"

Hẹdimásítà tún òkèlè náà yí. Ó ní, "Òfin lòfin ń jẹ́. Èmi ni mo ṣe é."

"Mo ti gbọ́. Jẹun."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn àdúrà, ó dúró níwájú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ó wọ kóòtù tó máa ń wọ̀ lọ́jọ́ ìdánwò. Ní ojú ọ̀nà tó gbà wá, ó ti ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa, gbogbo bó ṣe máa lọ ló ti wà lórí rẹ̀.

Ó ní, "Mo ti wádìí ọ̀rọ̀ yìí délẹ̀. Mo sì ti rí ẹni tó jẹ̀bi." Ó dánu dúró, ó wo ojú wọn. "Èmi ni. Òfin tí mo ṣe kò sì yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Mò ń lọ jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ kan."

Ó wá dúró. Ohun tó ń retí ni pé kí wọ́n bẹ òun. Ó ti múra sílẹ̀ láti kọ̀ lẹ́ẹ̀kínní, kó tún kọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, bó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta kó gbọ́ tiwọn, kó sì sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí ìdáríjì. Ó dúró títí. 

Turya ló kọ́kọ́ lanu. "Hẹdimásítà, ẹ bá wa kí Màmá."

Medius na ọwọ́. "Kọ́kọ́rọ́ yàrá òtútù wà lọ́wọ́ yín, sà."

Bí wọ́n ṣe rán Hẹdimásítà lọ sílé nìyẹn, òun náà ló sì rán ara rẹ̀.

Ẹni tó ń jìyà lọ́sẹ̀ yẹn kì í ṣe Yorokamu. Ó ti mú ẹ̀rọ kejì dání wálé, ó ní kò yẹ kó jókòó lásán. Ó kọ́kọ́ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fúláàsì. Kò pẹ́ tó fi pe ìyàwó rẹ̀.

"Ìyá Naboth, tíì tó o gbé wá láàárọ̀, ooru rẹ̀ ti dín kù kó tó kan mí lẹ́nu."

"Ẹsẹ̀ rẹ ò ṣẹ́. Wá máa mu ún ní kíṣìnnì."

Ó gbé e sínú ìkòkò bọ́tà. Ó gbé e lọ sí ilé màlúù, ó sì sọ fún darandaran pé àwọn màlúù kò sùn dáadáa. Darandaran ní òun bá wọn sùn, òun mọ̀ pé wọ́n sùn. Ó fi í sápò lọ sí ìsìn àárín ọ̀sẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn ìsìn ó fi han pásítọ̀ pé ìgbà tí ìwàásù gùn jù ni ìjọ gbóná jù. Pásítọ̀ kò rí i bí ohun tó yẹ kéèyàn máa wọ̀n. Lọ́jọ́ kan, Joventa ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, nǹkan kan le lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀.

"Bàbá Naboth, kí lèyí ń wá níbí?"

"Mo fẹ́ mọ ẹ̀gbẹ́ tó móoru jù. Mo ti ń fura pé tìẹ ni."

Joventa wọ bàtà, ó di gèlè, ó gba Biharwe lọ.

Ó bá Medius àti Turya nídìí yógọ́ọ̀tì tí wọ́n ń kó sínú ọkọ̀. Wọ́n kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n fún un ní àga. Kò jókòó.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá mú ọ̀gá yín."

"Màmá, ọ̀sẹ̀ kan kò tíì pé," ni Turya wí.

"Mo mọ̀ pé kò tíì pé. Mo ní kẹ́ ẹ dárí jì í."

"Ì bá wù wá, Màmá. Àmọ́ Hẹdimásítà ní òun ò ní gbọ́ ẹjọ́. Ẹnu rẹ̀ la ti gbọ́ ọ. Àwa ò lè tún òfin àgbà ṣe."

Joventa yíjú sí Medius. "Ìwọ tó o jẹ́ obìnrin bíi tèmi, wo nǹkan." Ó tú etí gèlè rẹ̀, ó mú ẹ̀rọ náà jáde. "Abẹ́ ìrọ̀rí mi ni mo ti yọ èyí."

Medius gba ẹ̀rọ náà, ó yí i síwá sẹ́yìn. Fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n, ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, Joventa náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín nígbà tí kò rí nǹkan mìíràn ṣe. Wọ́n fún un ní yógọ́ọ̀tì tútù mu. Ó tọ́ ọ wò, ó gbé ojú sókè.

Ó ní, "Èyí ni mò ń ṣe ní kíṣìnnì. Bó ṣe rí gan-an nìyí."

"Kò sí ike kan tó padà wá lọ́sẹ̀ yìí, Màmá," ni Medius wí.

Joventa ronú sí ìyẹn díẹ̀. Ó ní, "Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ náà pé." Ó sì fi ẹ̀rọ kejì sílẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

Nígbà tí Hẹdimásítà padà sẹ́nu iṣẹ́, ó kọ́kọ́ yí gbogbo ilé iṣẹ́ po. Ó wá ohun tó bà jẹ́, kò rí i. Ó so ẹ̀rọ mọ́ kọ̀ǹpútà. Ìlà náà tẹ́jú láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Àìkú, bí omi inú àwo. Ohun tó ti ń wá látìgbà tí ike ti ń padà ló wà níwájú rẹ̀ yìí, ó sì mọ̀ pé ó yẹ kí inú òun dùn. Inú rẹ̀ kò dùn. Bó ṣe ń wo ìlà yẹn, ó rí i pé kò sí ibì kankan nínú rẹ̀ tí Yorokamu Bagyenda wà.

Ó bi Medius pé, "Ṣé àlejò kò wá ni?"

"Wọ́n wá, sà. Iwájú ilé la mú wọn jókòó sí. Ojú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti rí ìlà, wọ́n mu yógọ́ọ̀tì, wọ́n sì ra tilé."

"Wọn ò bèèrè mi?"

"Wọ́n bèèrè yín."

"Kí lẹ sọ?"

Medius kò yí ọ̀rọ̀ padà. "A ní ẹ wà nílé fún ìyà."

Hẹdimásítà jókòó. Ó mọ Mbarara. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn ti dé ọjà, ó ti dé ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti dé ọ̀dọ̀ gbogbo ọmọ tó ti nà rí. Òótọ́ ni, ó ti dé. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín débi tó wù wọ́n. Àmọ́ nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, wọ́n ń wí nǹkan mìíràn. Wọ́n ní ní gbogbo ìlú yìí, níbi tí ọ̀gá kì í ti í jẹ̀bi, ẹnì kan wà tó fìyà jẹ ara rẹ̀ nítorí pé ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Wọ́n ní ẹni tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ kò ní da omi sí wàrà. Àwọn onísọ́ọ̀bù tí kò ta Bagyenda rí bẹ̀rẹ̀ sí í pe ilé iṣẹ́, wọ́n ní kí wọ́n gbé yógọ́ọ̀tì baba tí wọ́n rán lọ sílé wá fún àwọn. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé baba náà ti ń retí kí wọ́n bẹ òun.

Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni Hẹdimásítà gbé kèrègbè bọ́tà màlúù kan lọ sílé Turya. Ìyàwó Turya gbà á, ó dúpẹ́. Turya jáde wá.

"Hẹdimásítà, kí lẹ gbé èyí wá fún?"

"Bọ́tà ni."

"Mo rí i pé bọ́tà ni, sà."

Àwọn méjèèjì dúró lẹ́nu ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ń wo ẹran tó ń wọlé. Hẹdimásítà ní ìyàwó òun ló pò ó, pé kì í tètè bà jẹ́. Turya ní òun ti mọ bọ́tà Màmá tipẹ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bọ́tà tán, Hẹdimásítà ní ó dìgbà, ó sì lọ. Turya sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ìyẹn ni pé ó ti tọrọ àforíjì. Ìyàwó rẹ̀ ní ìgbà wo ló tọrọ ọ. Turya ní, "O ò rí bó ṣe pẹ́ tó kó tó lọ ni?"

Látìgbà náà, ọwọ́ Medius ni kọ́kọ́rọ́ yàrá òtútù wà. Iwájú ilé ni Hẹdimásítà ń jókòó sí, nídìí kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú àga mélòó kan fún àwọn àlejò. Ìtàn agogo iléèwé ti di ìtàn kejì. Ìtàn kìíní ni ti hẹdimásítà tó fìyà jẹ ara rẹ̀, ó sì ń dùn sí i bó ṣe ń sọ ọ́. Nínú èyí tó ń sọ báyìí, òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ fura sí ara rẹ̀. Nínú rẹ̀ náà, àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó má lọ, Turya tilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Bó bá dé ibẹ̀, Turya tó ń kọjá pẹ̀lú agbada wàrà á rọra mi orí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn.

Ní oṣù kan, àwọn oníṣòwò Kabale ránṣẹ́ pè é pé kó wá bá àwọn sọ̀rọ̀. Ó lọ, ó sùn síbẹ̀, ó padà dé. Kó tó bọ́ kóòtù, ó ti wà nídìí kọ̀ǹpútà. Ìlà náà tẹ́jú.

"Mi ò sí níbí, nǹkan ò sì yàtọ̀," ó ní.

Medius ń ka ike sínú àpótí. Ó wò ó fún ìgbà pípẹ́ ju bó ṣe máa ń wò ó tẹ́lẹ̀ lọ.

"Ó yàtọ̀, sà," ó ní. "Àwọn àlejò tètè lọ. Ike kọ̀ọ̀kan ni wọ́n mu. Bí ẹ bá wà níbí, ẹ̀yin máa ń pẹ́ lórí ọ̀rọ̀, wọ́n á mu ti èkejì."

Ọkùnrin náà yẹ ọ̀rọ̀ yẹn wò bóyá ìyìn ni tàbí ẹ̀gàn, kò lè mọ̀, ó sì pinnu pé ìyìn ni. Inú rẹ̀ dùn títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó sọ ọ́ fún Joventa nídìí oúnjẹ, Joventa ní Medius kò purọ́ fún un, òun náà máa ń jẹun jù bó ṣe yẹ lọ bó bá ń sọ̀rọ̀. Ó bu ọbẹ̀ sí i fún un, ó ní kó máa bá ìtàn Kabale lọ.